Olófin, Onílà àbí Onífọ́tò: èwo lẹ máa fi kọ́ Adó-Èkìtì sínú kọ̀ǹpútà?

Bọ̀dá mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni mo kọ́kọ́ fi ìlú Adó-Èkìtì tí mo kọ́ sínú kọ̀ǹpútà hàn. Ọmọ àdúgbò Òkèṣà níbẹ̀ ni wọ́n, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti fi ilé sílẹ̀. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lórí iṣẹ́ náà. Títì ń dán, òjìji ilé ń ṣubú síbi tó yẹ kó ṣubú sí, kódà mo jẹ́ kí páànù dípẹtà díẹ̀ létí. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ó rẹwà o. Adó wo nìyí?"

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ilé ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà ló hùmọ̀ gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ló dára jù nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ìlú ní 3D fúnra wọn, ìyẹn àwòrán tó ní òró, ìbú àti gíga, èmi náà á kọ́kọ́ bi í ní tèmi: ṣé kó ṣáà ti jọ ìlú lẹ fẹ́, àbí kó jẹ́ ìlú yín gan-an? Ìyàtọ̀ owó àti wàhálà tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń ṣe géèmù lè má nílò ìkejì láé. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí omi odò Ìrèjé máa gbà wọlé àwọn èèyàn, ìkíní kò lè ṣe é láǹfààní kankan.

Àwọn tó wà lórí àtẹ

Orúkọ ìnagijẹ ni mo fún wọn, ẹ ò ní bá a nínú ìwé kankan.

Olófin ni èyí tó ń fi òfin kọ́lé. Ẹ ò ní ya ilé kankan fúnra yín. Òfin lẹ máa kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, fi mítà 3 sílẹ̀ níwájú, gbé ilé alájà kan tàbí méjì sórí ìyókù, pín ògiri iwájú sí ọgbọọgba, kí o fi fèrèsé sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, ilẹ̀kùn ni kí o fi síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá máa tún òfin yìí dá títí ilẹ̀ á fi kún, á sì máa yí ìwọ̀n padà díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ilé má baà jọra bí ìbejì. Ọ̀dọ̀ Aristid Lindenmayer ni gbòǹgbò ọgbọ́n yìí ti wá, onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ọmọ ilẹ̀ Hungary, tó gbé òfin kan kalẹ̀ ní 1968 láti fi ṣàlàyé bí ewéko ṣe ń dàgbà tó sì ń yọ ẹ̀ka. Ní 2001, Yoav Parish àti Pascal Müller ní Switzerland mú irú òfin náà, wọ́n fi hu títì bí ẹni ń hu ẹ̀ka igi, wọ́n sì to ilé sí ẹ̀gbẹ́ títì. Inú iṣẹ́ yẹn ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CityEngine ti jáde, èyí tí Esri, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò máàpù, rà ní 2011. Ètò Houdini náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Blender, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe é fún ẹni tó bá ní sùúrù.

Onílà kì í hùmọ̀ ilé. Orí ìlà tó yí ilé kọ̀ọ̀kan ká ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bí sátẹ́láìtì ṣe rí i láti òkè. Á mú ìlà yẹn, á fà á sókè dé ibi tí ilé náà ga dé, á sì fi òrùlé dé e. Ibi méjì ni mo ti ń rí ìlà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ni OpenStreetMap, máàpù ayé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí èmi àti ẹ̀yin náà lè wọlé sí ká ya ilé bàbá wa sí i. Èkejì ni Open Buildings ti Google, tó jáde ní 2021. Ibùdó ìwádìí wọn ní Accra ni wọ́n ti ṣe é: kọ̀ǹpútà wo àwòrán sátẹ́láìtì ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fa ìlà yí ilé 516 mílíọ̀nù ká. Áfíríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó kọjá sí ibòmíràn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí irú nǹkan báyìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní ìlà, àfikún kan wà nínú Blender tó ń jẹ́ Blosm tó máa gbé e dìde ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Onífọ́tò ń gbé drone, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, fò sókè, ó ń ya fọ́tò ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí ọ̀kan gun orí èkejì. Kọ̀ǹpútà á wá àmì kan náà rí nínú fọ́tò púpọ̀, á sì fi ìyẹn ṣírò ibi tí àmì náà wà láyé gan-an. Ohun tí ojú wa méjèèjì ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ di ojú kan, kí ẹ wá gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ óò rí i. Ní 2009, àwọn kan ní University of Washington kó fọ́tò tí àwọn àlejò yà ní ìlú Róòmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ, 150,000 fọ́tò, kọ̀ǹpútà sì fi kọ́ àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. OpenDroneMap ni ètò ọ̀fẹ́ tí èmi ń lò.

Méjì ṣì kù tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ìkíní ni láser tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ òfuurufú, tó ń ka ilẹ̀ àti òrùlé láti òkè. Ó péye gan-an, owó ìjọba sì ni. Òun ni àwọn ará Netherlands fi ṣe 3DBAG, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ilé tí kọ̀ǹpútà kọ́ fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Láser ti inú iPhone 12 Pro àti àwọn Pro tó tẹ̀ lé e kì í ríran ju mítà 5 lọ. Ó dáa fún pálọ̀, kò dáa fún àdúgbò. Ìkejì ni Gaussian splatting, tó dé ní 2023, tó ń fi ìkán àwọ̀ kéékèèké tí kò lóǹkà ya ohun tí fọ́tò rí. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ óò fẹ́ fọwọ́ kàn án, àmọ́ kò sí ògiri níbẹ̀, àwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi í ṣe fídíò, ẹ má fi wọn ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òrùlé bẹ̀rẹ̀

Ibi tí àwọn ètò òyìnbó ti ń kọ́kọ́ tú ara wọn fó lọ́dọ̀ wa nìyí. Bí Onílà kò bá mọ irú òrùlé tí ilé ní, pẹrẹsẹ ló máa ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé àdúgbò Odò Adó dìde báyìí, mo rò pé máàpù Kánò àtijọ́ ni mo ṣèèṣì ṣí. Ilé bí àpótí, òkè rẹ̀ tẹ́jú, kò sí páànù, kò sí etí òrùlé tó yọ síta tí èèyàn lè sá sí lábẹ́ òjò. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkìtì kò lè gbà pé ìlú òun nìyẹn, nítorí pé òrùlé la fi ń dá ìlú mọ̀ bí a bá dúró lórí òkè: páànù pupa tó ti dípẹtà láàárín ìlú, páànù aláwọ̀ tuntun lẹ́yìn ìlú níbi tí ilé ìgbàlódé pọ̀ sí.

Ó ní àtúnṣe. Nínú OpenStreetMap, a lè kọ ọ́ sára ilé pé òrùlé rẹ̀ da omi sí ẹ̀gbẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, kí Blosm sì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó máa kọ ìyẹn sára ilé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, nítorí náà mo pa á láṣẹ pé ilé èyíkéyìí tí kò bá ní àkọlé, kí ó da omi sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Mo wá yọ àwọn ilé tí mo mọ̀ pé dẹ́kìn ni wọ́n fi ṣe òkè wọn sọ́tọ̀: báńkì, pílásà, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi parí rẹ̀, ojú ìlú sì yí padà pátápátá.

Olófin kò níṣòro òrùlé rárá tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ òfin rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ló máa kó yín nírìíra: fèrèsé ilé Paris, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ní òdòdó, kò sí fẹ́ńsì, kò sí géètì onírin, kò sí tánkì omi dúdú lórí ẹsẹ̀ irin. Èmi tìkára mi kọ òfin ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gbọọrọ láàárín, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn. Òfin bí ogójì ìlà péré ni. Kò sí nǹkan tí mo tíì kọ sínú kọ̀ǹpútà tí inú mi dùn sí tó o.

Ti Onífọ́tò ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé páànù tuntun ló máa rọrùn fún un, torí pé ó mọ́. Irọ́ ni. Páànù tuntun ń kọ mànà bí dígí. Bí drone ṣe ń rìn ni ìmọ́lẹ̀ ń sá kiri lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì rí àmì kan tó dúró síbì kan tó lè dì mú. Òrùlé ilé tuntun náà á wá jáde wúruwùru bí iwájú ọkọ̀ tó fi orí gbá ògiri. Páànù tó ti dípẹtà, tó ní àbàwọ́n níhìn-ín àti ihò lọ́hùn-ún, òun ló ń jáde ṣàn-án. Òwúrọ̀ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run díẹ̀ ni mo ń fò báyìí, nítorí oòrùn ọ̀sán gangan ọ̀tá páànù ni. Ẹ tún rántí pé drone tó kọjú sí ilẹ̀ nìkan kì í rí ògiri. Ẹ ní láti tún un fò lẹ́ẹ̀kejì, kí ojú kámẹ́rà dà gẹ̀rẹ̀ tó dígírì 45, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á yọ́ bí àbẹ́là. Wáyà iná á sọ nù ṣáá. Ẹsẹ̀ tánkì omi náà á sọ nù, tánkì á wá léfòó lójú ọ̀run, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Òkè

Ẹni tó sọ wá ní Èkìtì, òkìtì ló rí. Nítorí náà ẹ má ra ètò kankan kí ẹ tó bi í bó ṣe ń ṣe òkè.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Olófin fẹ́. Bí ẹ bá fún un ní òkè, títì tó bá hù á gun òkè náà tààrà bí àkàbà, tàbí kó pín ìlú sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi New York. Títì Adó kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ibi tí òkè ti dẹ̀, ó ń yí àpáta po, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi odò. Òfin lè sọ fún un pé kí títì má gun ju ìwọ̀n báyìí lọ, ṣùgbọ́n ẹ óò lo ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gbọ́ràn.

Onílà ní láti yá ilẹ̀ lò láti ibòmíràn. Èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ jù ni ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí Endeavour, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ti Amẹ́ríkà, wọ̀n láti ojú òfuurufú ní oṣù kejì 2000, tó jẹ́ nọ́ńbà kan fún gbogbo ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 30 lóròó àti mítà 30 níbùú. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, nínú ibi tí ilé mẹ́ta lè wà. Lórí ilẹ̀ tó ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bíi ti àdúgbò Bàsírì ní Adó, kò burú. Mo wá gbé e dé Ìkẹ́rẹ́. Olósùnta, àpáta tó dúró gbọnyin lórí ìlú, tí wọ́n ń bọ lọ́dọọdún, wá dà bí iyán àná tó ti wó sínú àwo. Etí rẹ̀ yọ́, orí rẹ̀ rẹlẹ̀, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ gun ara rẹ̀. Mo fi han bàbá kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí n yí kọ̀ǹpútà náà sí oòrùn, bóyá ìmọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn ríran dáadáa.

Èyí tó tún ṣòro ju àpáta lọ ni ilé ẹ̀bá òkè. Ẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ wo ilé tó kọ iwájú sí títì: alájà kan ni. Ẹ yí sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ óò rí i pé alájà méjì ni, nítorí pé ilẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́ ilé ṣe yàrá tàbí ilé ìtajà. Iye àjà kan ṣoṣo ni Onílà ń béèrè. Ẹ kọ 1, ẹ̀yìn ilé á rì sínú ilẹ̀. Ẹ kọ 2, iwájú ilé á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Onífọ́tò nìkan ló ya irú ilé yìí bó ṣe rí gan-an, torí pé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ohun tó rí ló yà. Ní ti òkè, kò sí ìjà: Onífọ́tò ló lọ́jà.

Bí ẹ bá bi ìlú náà léèrè

Níbí ni Onífọ́tò ti ń dákẹ́. Ohun tó fún yín dà bí aṣọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi bo gbogbo ìlú: ilé, igi máńgòrò, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó dúró létí títì, gbogbo wọn ló lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ ò lè tẹ ilé kan kó sọ fún yín pé ilé alájà méjì ni òun, pé ilé ìwé ni òun, pé òrùlé òun fẹ̀ tó báyìí. Onílà ló lè sọ ọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì lè gbé àkọlé tirẹ̀. Ẹ bi í pé ilé mélòó ló wà láàárín mítà 50 sí etí odò, á kà á fún yín. Ẹ ní kó fi àwọ̀ pupa kun gbogbo ilé tó ju alájà méjì lọ, á ṣe é kí ẹ tó mu omi tán. Irú àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ CityGML, tó ti wà láti 2008, àti àbúrò rẹ̀ CityJSON tó fúyẹ́ jù ú lọ, nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n.

Àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún Onílà ló ń sọ padà. Ní 2019, ẹnì kan tó ń ya ilé sórí OpenStreetMap ní Melbourne fẹ́ kọ pé ilé kan jẹ́ alájà 2, ọwọ́ rẹ̀ ṣìnà, ó kọ 212. Wọ́n tún un ṣe nígbà tó yá, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe géèmù Microsoft Flight Simulator ti kó máàpù náà lọ. Géèmù yẹn, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Austria fi kọ̀ǹpútà kọ́ bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ilé sínú rẹ̀, wá gbé ilé gogoro kan dúró láàárín àwọn ilé kéékèèké, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, tó kan sánmà. Àwọn tó ń fi géèmù náà ṣeré ń fò yí i ká bí ẹni ń wo ìran. Kọ̀ǹpútà kò ní ojú tì í.

Nítorí náà, gíga ilé ni kí ẹ náwó àsìkò lé. Google gbé òmíràn jáde ní 2024 tó ń sọ bí ilé ṣe ga tó láti ọdún 2016 sí 2023. Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti mọ alájà kan yàtọ̀ sí mẹ́ta, àmọ́ sátẹ́láìtì ló ń méfò rẹ̀. Èmi ń ka búlọ́ọ̀kù. Ẹ wá ilé kan ládùúgbò tí wọn ò tíì rẹ́. Búlọ́ọ̀kù wa ga ní mìlímítà 225. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kún un, ó di nǹkan bí 250. Kóòsì mẹ́rin, ìyẹn ẹsẹ búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó gun orí ara wọn, mítà kan. Ẹ kà á láti ilẹ̀ dé ibi tí páànù bẹ̀rẹ̀. Mo dúró níwájú ilé kan báyìí ní Ajílósùn, mo ń fi ìka ka ògiri, bíríkìlà kan tó ń jẹun lábẹ́ igi sì kígbe sí mi pé, "Méjìlá ni, ọ̀gá, èmi ni mo kọ́ ọ." Méjìlá náà ni: mítà 3. Mo fi mítà 3 fún gbogbo àjà kan ládùúgbò yẹn, mo sì yẹ ilé márùn-ún wò, kò sí èyí tó fi ju ẹsẹ̀ bàtà kan yẹ̀. Ilé alámọ̀ àtijọ́ kò ṣeé kà báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró ti ilẹ̀kùn, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ fi gíga rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ọ̀fìn kan ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé àwọn awọnlẹ̀ sórí máàpù. Ìwé ilẹ̀ wa, pàápàá èyí tó ti pẹ́, orí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna ni wọ́n ti ṣe é, ti sátẹ́láìtì sì jẹ́ WGS84. Bí ẹ bá kó méjèèjì pọ̀ láì sọ fún kọ̀ǹpútà, púlọ́ọ̀tì yín á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọ̀pọ̀ mítà, ẹ ó sì bá ilé yín nínú ọgbà aládùúgbò. Ìjà ilẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti tó, ẹ má fi ti kọ̀ǹpútà kún un. Fún Èkìtì, ìpín 31 ti àríwá ni kí ẹ yàn bí ètò náà bá béèrè ìpín UTM, ìyẹn bí wọ́n ṣe pín ayé sí ìpín-ìpín fún máàpù.

Owó, iná, àṣẹ

Onílà kò gbà ju dátà àti láptọ́ọ̀pù tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Olófin ní ti owó ńlá, ó sì ní ti ọ̀fẹ́. Àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbà. Onífọ́tò ló ń jẹ owó. Yàtọ̀ sí drone àti bátìrì rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn bí fọ́tò bá ti wọ ọgọ́rùn-ún mélòó kan, iṣẹ́ náà sì lè gba òru mọ́jú. Mo ti sun jẹnẹrétọ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé aago márùn-ún ìdájí, kí epo tó tán nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ kò sì lè kàn gbé drone fò ní Nàìjíríà. Àṣẹ wà láti gbà lọ́wọ́ NCAA tó ń bójú tó òfuurufú, àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ti ìlú náà wà: ẹ má fò lórí ààfin láì kọ́kọ́ lọ wólẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì rán ẹnì kan ṣáájú sí àdúgbò. Èmi kò rán ẹnì kan lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan sì jáde láti inú ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn tí kò ní òrùlé, wọ́n fi ìró di àyà, wọ́n nawọ́ sókè: "Ta ló rán yín? Ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wẹ̀!" Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo pa gbogbo fọ́tò apá ibẹ̀ rẹ́ lójú wọn. Onílà àti Olófin kò lè kó yín sí irú èyí.

Ẹni wo ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tó ń ṣe géèmù, fíìmù tàbí ìpolówó, Olófin ni tiyín, ẹ ṣáà kọ òfin ilé wa sí i. Òun náà ni kí ẹ mú bó bá jẹ́ ìlú tí kò sí mọ́ lẹ fẹ́ kọ́. Ní 2006, Müller àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òfin gbé Pompeii dìde, ìlú kan ní Ítálì tí eérú òkè oníná ti sin láti ọdún 79. Adó kí páànù tó dé, tòun ti akòdì, ògiri amọ̀ àti òrùlé bẹẹrẹ, kò sí drone tó lè ya ìyẹn. Àwọn àgbà tó ṣì rántí ló lè sọ òfin rẹ̀ fún yín, ẹ tètè lọ bá wọn.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlú, ẹni tó fẹ́ mọ òrùlé tó lè gba páànẹ́lì sólà, ẹni tó ń wá ibi tí òpó nẹ́tíwọọ̀kì lè ríran dé: Onílà. Mi ò ṣiyèméjì lórí èyí. Bó bá jẹ́ ti omíyalé, ẹ fi Onílà ka ilé, àmọ́ ẹ má fi ilẹ̀ onímítà 30 ṣe ìdájọ́ ibi tí omi máa gbà; gọ́tà tó fẹ̀ ní mítà kan kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí Onífọ́tò wá wọn ilẹ̀ ẹ̀bá odò nìkan.

Ààfin, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó fẹ́ wó, Olósùnta, ilé tó ṣe pàtàkì sí ìdílé yín: Onífọ́tò, kí ẹ sì ṣe é kí wọ́n tó fi páànù tuntun bò ó.

Èmi ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ báyìí. Onílà ló gbé ìlú dìde, òfin ilé wa ni mo fi ya fèrèsé àti géètì sára ìlà rẹ̀, mo sì fi fọ́tò kọ́ ibi díẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Mo tún fi fídíò ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò sọ pé ó rẹwà. Wọ́n ní, "Dúró, padà sẹ́yìn. Yà sí ọ̀tún níbẹ̀ yẹn." Mo yà sí ọ̀tún. "Ilé wa kọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn? Kí ló dé tí ẹ fi àjà kan dín in?"

Mo ṣí OpenStreetMap, mo kọ 2.